Ókéè Ò Dí Ihò Afárá

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá nílé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ọ̀nà àti afárá. Ikùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọ ọ́fíìsì, ohùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú ikùn. Ẹ má wulẹ̀ bi mí lórúkọ rẹ̀. Lójú rẹ̀, Ọ̀gá Wa Ọ̀wọ́n làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Bó bá ti yíwọ́ kọ́nà báyìí, ó di Bàbá Ókéè.

Ẹ ní kí ló ṣẹlẹ̀? Gbogbo èdè Gẹ̀ẹ́sì tó wà láyé yìí, bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe gùn tó, Bàbá Ókéè wò ó lọ wò ó bọ̀, ó ní àṣejù ni. Ó ní ọ̀rọ̀ kan péré ló tó ọ̀gá gidi í lò dọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé ló máa ń kó gbogbo wọn jọ sí gbọ̀ngàn, tí á fọwọ́ ra ikùn, tí á bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ lábẹ́ òjìji mi! Ta ló ní kí ọ̀gá máa ro ẹjọ́ wótowòto? Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tó gbé ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ pọ̀n. Ókéè! Bí mo bá sọ ọ́ ní ṣókí, kí o máa lọ ni. Bí mo bá fà á gùn, inú mi dùn. Bí mo bá gbójú sókè sọ ọ́, mò ń bi ọ́ bóyá orí ẹ pé ni. Bí mo bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ẹnu ẹ ti ń rùn sí mi. Bí mo bá wá wúkọ́ sí i, háà, o ti wọ gàù! Ọ̀nà méjìlá ni mo mọ̀ ọ́n sọ, mi ò sì tíì darúgbó!"

"Ókéè!" ni gbogbo gbọ̀ngàn á dá a lóhùn, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń ka ABD.

Igbákejì rẹ̀ ló máa ń pariwo jù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá tó parí àwàdà, nígbà míì kí ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. "Ọ̀gá, Ókéè tẹ́ ẹ sọ fún awakọ̀ lánàá yẹn, omi ló bọ́ lójú mi. Mo délé, mo tún un sọ fún ìyàwó mi, òun náà sunkún!"

Òótọ́ ni ìyàwó sunkún o. Obìnrin náà fi gbogbo ọ̀sán se ọbẹ̀, ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá ọbẹ̀ náà dùn, ọkọ fèsì pé, "Ókéè." Ta ni ò ní sunkún?

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í rẹ́rìn-ín ní gbọ̀ngàn yẹn. Akọ̀wé ni, obìnrin tó ń tẹ̀wé fún Bàbá Ókéè, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Gbogbo ìwé tó bá ń wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ó mọ ohun tójú ẹlòmíì ò rí, pé ọ̀gá kì í kàwé. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n kà o, kò kúkú rí i pé ó yẹ òun ni. Bí fáìlì bá ti dé iwájú rẹ̀, yóò ṣí i síbi tí àyè bá wà, yóò fi bíróò aláwọ̀ ewé kọ "Ókéè" gàdàgbà síbẹ̀, yóò wá na fáìlì náà síta bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti tọ̀ sára jìnnà sára.

Igbákejì á gba fáìlì, á tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù irin tó wà lẹ́yìn Akọ̀wé, á wá fàmì sínú ìwé ńlá kan pé iṣẹ́ ti parí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tí ọ̀gá bá ti kọ Ókéè sí, ó parí. Wọ́n sì lẹ òfin mọ́ ògiri, pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣe iṣẹ́ kankan láìsí Ókéè ọ̀gá lórí ìwé, kó kó ẹrù ẹ̀ máa relé.

Wàyí o, odò kékeré kan la ìlú náà láàárín, afárá onípákó kan ló sì so apá méjèèjì pọ̀. Ìyá Akọ̀wé ń gbé lódìkejì odò. Télọ̀ ni ìyá yìí, ó ti lé láàádọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ kan ò sì gbọ́ràn mọ́. Apá ibí ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, nítorí náà àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń gba orí afárá kọjá. Pákó kẹta dé ìkarùn-ún ti jẹrà. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ìyá wọ inú ihò dé orúnkún. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ṣùgbọ́n bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bá omi lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ò ti kun Akọ̀wé mọ́, torí ó mọ̀ pé bàtà ló lọ lákọ̀ọ́kọ́, kò mọ ohun tó máa lọ lẹ́ẹ̀kejì.

"Màámi, mo bẹ̀ yín, ẹ yéé gba orí afárá yẹn."

"Kí n wá gba ibo? Kí n fò ni?"

"Ẹ gba títì ńlá."

"Títì ńlá tó jẹ́ ìrìn wákàtí méjì! Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, aṣọ tí wọ́n ní kí n rán á ti gbó. Ọ̀gá yín ńkọ́? Ṣebí òun ni wọ́n fi ṣọ́ afárá. Kí ló wí?"

"Ó ní Ókéè."

Ìyá gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé òun ló máa wá kan pákó?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn o. Káfíńtà ilé-iṣẹ́ ti kọ̀wé nípa afárá náà lẹ́ẹ̀meje. Kò sí ohun tí kò kọ sínú ẹ̀, pákó mélòó, ìṣó mélòó, ọjọ́ mélòó. Lẹ́ẹ̀meje ni Ókéè jáde, lẹ́ẹ̀meje ni kọ́bọ́ọ̀dù gbé e mì. Lẹ́ẹ̀keje, Káfíńtà bá Igbákejì lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n lọ ra ìṣó?"

"Ṣé o ríbi tí ọ̀gá ti kọ ìṣó?"

"Wọ́n kọ Ókéè."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ti parí nìyẹn."

"Kí ló parí, sà? Ihò ṣì wà níbẹ̀!"

"Nínú ìwé ńlá, kò sí ihò. Ṣé o fẹ́ sọ pé ìwé ọ̀gá ń parọ́ ni?"

Káfíńtà wo ojú rẹ̀, ó wo ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin tó wà nílé, ó bá yíjú lọ. Akọ̀wé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Inú bí i. Ó dìde, ó kanlẹ̀kùn, ó wọlé tọ ọ̀gá lọ. Bàbá Ókéè ń wo ara rẹ̀ nínú dígí.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ afárá onípákó ni. Pákó mẹ́ta ti jẹrà níbẹ̀."

"Ókéè." Ó ṣí eyín sí dígí.

"Èèyàn lè já sódò, sà."

"Ókéè."

"Ọ̀gá, ìyá mi ló ń gbabẹ̀!"

"Ókéè, ókéè."

Ẹ rántí ìtumọ̀ èyí tí wọ́n bá sọ lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé jáde, omi dé ojú rẹ̀, kò jẹ́ kó bọ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí lẹ́tà kan fi dé láti olú ilé-iṣẹ́. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìránù. Wọ́n ní nínú gbogbo ẹ̀ka tó wà lábẹ́ àwọn, ẹ̀ka Bàbá Ókéè nìkan ni kò ní ìṣòro kankan nílẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn irinwó lé mẹ́tàdínlógún ló wọlé lọ́dún yẹn, irinwó lé mẹ́tàdínlógún ló sì ti parí. Fún ìdí èyí, Alábẹ̀wò àgbà ń bọ̀ wá fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọ̀gá lọ́rùn.

Àyàfi kẹ́ ẹ débẹ̀! Igbákejì dọ̀bálẹ̀ lórí pèpéle ìta, ó ní bí òun bá kú lónìí, òun ti rí ògo. Bàbá Ókéè ní kí wọ́n bá òun rán kóòtù tuntun, èyí tó máa gùn dé orúnkún, tí bọ́tìnnì rẹ̀ á máa dán bí wúrà. Ta ni télọ̀ tó mọ kóòtù í rán jù nílùú náà? Ìyá Akọ̀wé mà ni. Ìyá wá wọ̀n ọ́n.

"Ọ̀gá, aṣọ yìí máa fún yín níkùn. Ṣé kí n fi àyè sílẹ̀ díẹ̀?"

"Ókéè."

"Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni, àbí kí n má fi í sílẹ̀?"

"Ókéè," ọ̀rọ̀ kan náà ni, pẹ̀lú ikọ́.

Ìyá ká téèpù rẹ̀. "Ẹ máa rí i," ló wí lábẹ́nu.

Akọ̀wé ni wọ́n ní kó tẹ ètò ọjọ́ àmì-ẹ̀yẹ. Ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó ronú títí. Ó ní, bí ọkùnrin yìí ò bá níí fojú kà á, á fojú rí i. Ó tẹ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, pé ètò yóò wáyé létí odò, pé ọ̀gá yóò ti òdìkejì rìn wá lórí afárá wá pàdé Alábẹ̀wò. Ó tẹ ìpínrọ̀ kejì, ó fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́, pé pákó kẹta dé ìkarùn-ún ti jẹrà, kí Káfíńtà pààrọ̀ wọn kó tó dọjọ́ náà, àti pé bí wọn ò bá tíì pààrọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀. Ó gbé e wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá mi ka ìpínrọ̀ kejì yìí."

Bíróò aláwọ̀ ewé ti dé orí ìwé kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ókéè ọjọ́ yẹn tóbi ju gbogbo èyí tó ti ń kọ lọ, àárín ìpínrọ̀ kejì gan-an ló kọ ọ́ lé. Igbákejì ka ti àkọ́kọ́, ó ní ọgbọ́n ọ̀gá ò láfiwé, ó ti ìwé sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Káfíńtà tún béèrè bóyá kóun lọ kan pákó, wọ́n tún ní ó ti parí.

Ọjọ́ pé. Wọ́n to àga sétí odò, èrò pé bìbà. Alábẹ̀wò dé, obìnrin pẹ́ńpẹ́ kan pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ, okùn ló fi so gíláàsì rẹ̀ mọ́ ọrùn. Obìnrin tó ń ka gbogbo nǹkan ni o! Wọ́n gbé omi inú ike fún un, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ike náà tán kó tó mu ún. Akọ̀wé rí i, ọkàn rẹ̀ fò fáyọ̀. Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó ìwé mẹ́jọ sínú báàgì, ó sáré padà.

Kó tó débẹ̀, Bàbá Ókéè ti gun orí afárá lódìkejì, kóòtù tuntun fún un pinpin, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀. Ìyá Akọ̀wé ń tẹ̀ lé e lọ́ọ̀ọ́kán, torí afárá kan náà lòun náà gbọ́dọ̀ gbà dé ṣọ́ọ̀bù, sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ń bẹ nínú àpò.

"Ọ̀gá, ẹ dúró níbẹ̀!" Káfíńtà kígbe.

"Ókéè."

"Sà, ẹ má tẹ ibẹ̀ yẹn!" Akọ̀wé náà pariwo, ó ń mí hẹlẹ.

"Ókéè, ókéè." Ó dúró sórí pákó kẹrin, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Alábẹ̀wò wa àtàtà! Ẹ wo afárá tí èmi gbé ró! Afárá tó dúró bí èmi náà ṣe dúró! Bí iyèméjì bá wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni, kó wò mí!" Ló bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fi í lu pákó gbì.

Gbàràgàdà! Ẹsẹ̀ lọ, itan lọ, ó ku ikùn. Ikùn tó fi ń yangàn lójoojúmọ́ náà ló gbà á là, torí ó há gádígádí. Òkè rẹ̀ ń bẹ lórí afárá bí ẹni tó jókòó nínú ìkòkò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń jasẹ̀ lókè omi. Bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ já bọ́, ó bá odò lọ.

Ìyá Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ó dàbọ̀ o, bàtà," ló wí. "Bó o bá rí tèmi níwájú, bá mi kí i."

Ẹ̀rín wá mú àwọn èèyàn! Bàbá Ókéè pariwo, "Ẹ fà mí jáde!"

Ẹnikẹ́ni ò mira. Káfíńtà di ayùn rẹ̀ mú, ó dúró. "Ọ̀gá, ṣé ìwé wà níbẹ̀?"

"Ìwé wo? Orí ẹ dàrú ni?"

"Òfin ara ògiri ni, sà. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní."

"Òótọ́ ló sọ," Igbákejì wí, òógùn bò ó. "Ọ̀gá, a ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni rú òfin yín níṣojú wa."

Akọ̀wé fa ìwé òfìfo kan yọ nínú báàgì, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí i, pé kí Káfíńtà fi ayùn gé pákó, kó sì yọ ọ̀gá jáde bí àyè bá wà. Ó rọra tẹ pákó tó le, ó nà án sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo nǹkan! Ọkùnrin tí kò ka ìwé láti ọdún mẹ́sàn-án gbá ìwé yẹn mú, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó fọwọ́ tọ ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ni 'bí àyè bá wà' ń ṣe níbí? Ẹ pa á rẹ́! Ẹ kọ 'lójú ẹsẹ̀'!"

"Háà!" ni gbogbo èrò wí. "Ó mà mọ̀wé kà!"

Ìgbà yìí ni Alábẹ̀wò dìde. Kò pariwo rárá. "Ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ tẹ́lẹ̀ pé afárá yìí ò dáa?"

Akọ̀wé mọ̀ pé iṣẹ́ òun lè bá ìwé inú báàgì yẹn lọ. Ó wo ìyá rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn ihò, lórí pákó kejì, ó ṣí báàgì, ó kó ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lé Alábẹ̀wò lọ́wọ́. Obìnrin náà gbé gíláàsì sójú, ó ka wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò fo ìlà kan. Oòrùn ń ràn lórí Bàbá Ókéè. Nígbà tó kà á dé ìpínrọ̀ kejì ìwé kẹjọ, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu gbogbo èèyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ókéè tó wà lórí gbogbo ìwé yìí, kí ló túmọ̀ sí?"

"Ó... ọ̀nà méjìlá ló pín sí, mà."

"Èwo nínú méjìlá lẹ kọ síbí?"

"Mi ò mọ̀, mà," Bàbá Ókéè wí, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ọmọdé tí wọ́n bá nídìí ìkòkò ọbẹ̀.

Alábẹ̀wò fúnra rẹ̀ pàṣẹ, Káfíńtà gé pákó yí i ká, wọ́n fà á, kò jáde. Ìṣó méjì ti kọ́ kóòtù rẹ̀ mọ́bẹ̀, aṣọ náà sì fún débi pé bọ́tìnnì ò ṣeé tú. Ìyá Akọ̀wé fa sísọ́ọ̀sì yọ, ó bẹ̀rẹ̀ tì í.

"Ọ̀gá, èmi ni mo rán an. Mo sọ fún yín pé ó máa fún. Ṣé kí n gé e?"

Gbogbo èèyàn na etí. Alábẹ̀wò náà na etí.

"Ókéè," Bàbá Ókéè wí wúyẹ́wúyẹ́.

Nínú gbogbo èyí tó ti ń sọ láti ọdún mẹ́sàn-án, ìyẹn nìkan ló ṣiṣẹ́. Ìyá gé kóòtù láti ọrùn dé ìdí, wọ́n fà á jáde fọ̀ọ́, ó dìde pẹ̀lú bàtà kan àti ẹ̀wù ìsàlẹ̀. Alábẹ̀wò ka ohun tí wọ́n kọ sára àmì-ẹ̀yẹ náà, ó mi orí, ó dá a padà sínú àpò. Igbákejì ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìyá wa, bẹ́ ẹ ṣe mi orí lẹ́ẹ̀kan yẹn, omi ló bọ́ lójú mi!"

"Ẹ lọ kó gbogbo ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù náà wá," Alábẹ̀wò fèsì. "Ẹ̀yin lẹ máa kà wọ́n fún mi, gbogbo irinwó lé mẹ́tàdínlógún." Ọ̀gbẹ́ni náà kò rẹ́rìn-ín fún oṣù méjì.

Wọ́n ní kí Bàbá Ókéè lọ sinmi nílé títí ayé. Ọjọ́ mẹ́ta ni Káfíńtà fi pààrọ̀ pákó, tòun ti orin lẹ́nu. Alábẹ̀wò dúró sílé-iṣẹ́ náà fúngbà díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìwé ẹ̀bẹ̀ Bàbá Ókéè dé, ojú ìwé mọ́kànlá, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dá òun padà sípò. Ọwọ́ Akọ̀wé ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Bíróò aláwọ̀ ewé ṣì ń bẹ nínú dúróọ̀ tábìlì rẹ̀. Ó mú un jáde, ó ṣí i, ẹnu rẹ̀ ti kan ìwé. Èṣù ń tì í, ẹ má purọ́, ẹ̀yin náà ìbá kọ Ókéè sí i. Ṣùgbọ́n ó dé e padà. Ó ka ojú ìwé mọ́kànlá náà títí tíì rẹ̀ fi tutù, ó gbé e fún Alábẹ̀wò, òun náà kà á, wọ́n jọ tẹ èsì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sin ìyá rẹ̀ gba orí afárá lọ sílé. Ìyá dúró lórí pákó kẹta, ó fi igi ọwọ́ rẹ̀ gún un wò.

"Kí lẹ wá kọ fún ọkùnrin yẹn?"

"A kọ ọ́ pé, 'Ìwé yín dé ọwọ́ wa. A kà á láti ojú ìwé kìíní dé ìkọkànlá. Rárá.'"

Ẹ̀rín mú ìyá, ẹ̀rín náà kò tán bọ̀rọ̀, ó rín in títí orúnkún tí kò gbọ́ràn fi yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó jókòó gbì sórí pákó. Akọ̀wé sáré láti gbá a mú. Pákó náà ò tilẹ̀ mira.